Dìgírì Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Tó Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Ìròyìn

Ẹ̀yin òbí tó ń tajà ní Ọjà'ba, ẹ̀yin ọmọ Bẹyẹrúńkà, Mápó àti Bẹẹrẹ tí ẹnu yín dùn, tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé orí rédíò ló yẹ yín, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé òun lè bá yín gba dìgírì Mass Communication láàárín oṣù díẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má fún un lówó, ẹ má fún un ní fọ́tò, ẹ má sì fún un ní nọ́ńbà NIN yín.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, gbogbo Nàìjíríà ló sì gbọ́ ọ. Ní ìparí ọdún 2023, Umar Audu, akọ̀ròyìn Daily Nigerian, gbé ìwádìí kan jáde. Ó ṣe bí oníbàárà lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà, ó sanwó, ó sì gba dìgírì Mass Communication láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu, lórílẹ̀-èdè Benin, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò jókòó sí kíláàsì, kò ṣe ìdánwò kankan, síbẹ̀ wọ́n kọ máàkì fún un. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ NYSC, wọ́n sì gbà á bí àgùnbánirọ̀. Ẹ kíyè sí irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n tà fún un. Ẹ̀kọ́ ìròyìn ni. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá ti lè sọ̀rọ̀ ti mọ iṣẹ́ yìí tán.

Lọ́jọ́ 2 oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ dúró lórí yíyẹ ìwé ẹ̀rí Benin àti Tógò wò. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ayédèrú ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì lé ní 22,000, àti pé ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ péré ni ìjọba mọ̀ níbẹ̀: márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Tógò. Àwọn tó kàwé lóòótọ́ ní Kútọnu wà, mi ò ní bú wọn. Àwọn gan-an ni ìwà àwọn oníjìbìtì yìí pa lára jù.

Mo mọ ohun tó ń ti àwọn ọmọ wa débẹ̀. Ọ̀kan gba HND, ó dé ibi iṣẹ́, wọ́n ní onídìgírì làwọn ń wá. Òmíràn ti ń ṣe MC lóde ìnáwó ní gbọ̀ngàn Mápó, ó ti ń bá wọn ka ìwé ìròyìn lórí rédíò, ìwé tí yóò fi di òṣìṣẹ́ gidi ló kù. Ẹlòmíràn ti ṣe JAMB ṣe é, kò wọlé. Ìyá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ. Àsìkò yẹn gan-an ni alágbàtà ń yọjú, tí yóò ní "top-up" lòun mú wá, pé ọmọ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn nìkan ni yóò ṣe.

Inú àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn wọ̀nyẹn gan-an sì ni ojúlówó ẹ̀kọ́ wà! Lọ́dún kẹta àti ìkẹrin ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní òfin tó de oníròyìn, ìwà tó yẹ ẹ́ àti ìlànà ìwádìí, tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò tàbí ìwé ìròyìn, tí yóò sì ṣe ìwádìí tirẹ̀ kí ó tó jáde. Ẹ jẹ́ ká mú òfin nìkan. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan jókòó sídìí gbohùngbohùn láàárọ̀, ó ní, "Wọ́n ní alága àdúgbò báyìí ti kó owó táráńsífọ́mà jẹ." Ó rò pé "wọ́n ní" ti yọ òun. Kò yọ ọ́. Lábẹ́ òfin, ẹni tó tún ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ sọ kò yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Alága lè pe òun àti iléeṣẹ́ rédíò lẹ́jọ́ pọ̀, àjọ NBC tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ rédíò náà sì lè bá iléeṣẹ́ ọ̀hún wí. Bó bá tún gbé e sí Facebook, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ń bẹ níbẹ̀ dè é. Ọmọ tó jókòó kọ́ òfin yìí yóò ti béèrè kí ó tó la ẹnu: ta ló fojú rí i? Ìwé wo la rí dì mú? Ṣé a ti pe alága kí òun náà sọ tẹnu rẹ̀?

Ìlànà ìwádìí ńkọ́? Ìyà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á sí. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn ìyá ọlọ́jà Ọjà'ba ti ń gbọ́ ìkìlọ̀ nípa onígbáméjì, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yan àwọn tí wọ́n máa bi léèrè, tí kì í ki èsì bọ̀ wọ́n lẹ́nu, ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún.

Ìbàdàn kọ́ ló yẹ ká ti máa ra ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ìròyìn lọ́jà fàyàwọ́. Agodi, tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. Nigerian Tribune ti wà láàárín wa láti 1949. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní Communication and Language Arts, Pọlí Ìbàdàn sì ń kọ́ni ní Mass Communication.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo orí ìkànnì NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì. Ẹ má wo orúkọ yunifásítì nìkan; ẹ wò ó bóyá wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n ti pín Mass Communication sí ọ̀nà méje: Broadcasting lọ́tọ̀, Public Relations lọ́tọ̀, Advertising lọ́tọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀ka yunifásítì, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ JAMB ni ìgbaniwọlé gbọ́dọ̀ gbà, ì báà jẹ́ Direct Entry. Bó bá jẹ́ part-time lẹ fẹ́ ṣe, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé NYSC kì í pe àwọn tó gba ibẹ̀ jáde. Lẹ́tà tó yọ wọ́n kúrò nínú ìsìnlú ni wọ́n ń fún wọn. Ẹ má sì san owó ilé ìwé sínú àkáǹtì ẹnìkan.

Ẹni tó bá ti kó sọ́wọ́ wọn, kí ó má ṣe gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ NYSC tàbí ibi iṣẹ́ kankan. Kí ó dáwọ́ owó dúró, kí ó tọ́jú gbogbo rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n jọ sọ, kí ó sì kó wọn lọ sí ọ́fíìsì EFCC ní Ìyágankú. Lẹ́yìn náà, kí ó mú èsì WAEC rẹ̀, kí ó gba fọ́ọ̀mù JAMB tọdún yìí.