Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́máàtì Ẹ̀

Ọmọ mi, bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù láàárọ̀ ni mo ti mọ̀ pé o sunkún. Láptọ́ọ̀pù rẹ ń ṣe àpdéètì lọ́wọ́, wọ́n mú iná lọ, bátìrì tí kò gbé iná dúró mọ́ sì kú fin-ín. Ta ni irú ẹ̀ kò tíì ṣe rí nínú Àjàó Estate yìí? O ní o fẹ́ sáré gbé e lọ sí Computer Village n'Íkẹjà kí wọ́n bá ọ fọ́máàtì ẹ̀. Jọ̀ọ́, dúró ná.

Iṣẹ́ rẹ kọ́ ló bàjẹ́. Windows ń kó ẹrù ara rẹ̀ lọ sílé tuntun ni, ilẹ̀ wá ṣú bá a lójú ọ̀nà. Pírójẹ́ẹ̀tì rẹ ṣì wà níbi tí o fi í sí. Fọ́máàtì ni yóò pa á rẹ́.

Ojú mi ti rí i. Mo gba ohùn ìyá mi sílẹ̀ níbi tó ti ń ki oríkì ìdílé wa, inú kọ̀ǹpútà ni mo kó o sí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún kọ̀ tí kò ṣí, mo gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe. N kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òun náà kò bi mí. Ó dá a padà, ó ń dán gbinrin, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ìyá mi sì ti lọ. Títí dòní, bí bàálù bá fò kọjá lórí ilé wa lọ sí pápákọ̀ Murtala Muhammed, tí gbogbo ilé wá dákẹ́, ohùn yẹn ni etí mi máa ń wá.

Gbé e sórí iná tó dúró. Tan án. Bí àmì Windows bá yọ, tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, yóò gbé ojú àtúnṣe jáde fúnra rẹ̀. Wọ Troubleshoot, wọ Advanced options, kí o tẹ Uninstall Updates, kí o yọ èyí tó wọlé kẹ́yìn. Má fọwọ́ kan Reset rárá.

Má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́. Lọ́jọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, àpdéètì kan láti iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà CrowdStrike dá nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dúró káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ bàálù kò lè gbéra. Fáìlì kan ló fà á. Wọ́n wọ Safe Mode, wọ́n yọ ọ́, kọ̀ǹpútà jí, iṣẹ́ oníkálukú sì wà níbẹ̀.

Bí tìrẹ bá kọ̀ jálẹ̀, gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní flash kan tí mo kó Ubuntu, ètò tó lè dípò Windows, sí; a óò fi ṣí i láìfọwọ́ kan Windows, a óò kó pírójẹ́ẹ̀tì rẹ jáde. Bí Windows bá ti fi BitLocker ti dísíkì rẹ pa, a óò nílò nọ́ńbà rẹ̀ tó ní dígíìtì 48. Inú àkántì Microsoft rẹ ló sábà máa ń wà. Fi fóònù wò ó, kí o kọ ọ́ sínú ìwé. Epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ mi. Má gbàgbé ṣájà rẹ.