Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌJÍRÒRÒ: TA NI Ó Ń SÁ KỌFÍ, TA NI Ó SÌ Ń GBA OWÓ RẸ̀?

Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a máa ń kọ ọ́ sójú pátákó pé kòkó àti kọfí jẹ́ irè oko tí à ń tà sí òkè òkun. A kò sọ fún àwọn ọmọ rí nípa ọwọ́ tí ó ń sá a. Ohun tí ẹ̀kọ́ wa dá lé ní oṣù mẹ́ta yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Etiópíà, níbi tí igi kọfí tí wọ́n ń pè ní Árábíkà ti ṣẹ̀ wá. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ni ó ń gbin èyí tí ó pọ̀ jù nínú kọfí ibẹ̀. Oko ẹlòmíràn kò ju ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ. Ní Harar, Sidama àti Guji, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe kọfí tí wọ́n ń sá sóòrùn:

1. Kíká: Èso tí ó pọ́n dáadáa nìkan ni wọ́n ń ká. Bí èyí tí kò pọ́n bá wọ inú rẹ̀, adùn rẹ̀ bàjẹ́.

2. Ṣíṣà: Wọn a da èso sínú omi. Èyí tí ó bá léfòó kò dára, wọn a yà á sọ́tọ̀.

3. Sísá: Wọn kì í bó èso náà. Wọn a tẹ́ ẹ sórí àtẹ gíga tí a fi igi àti àwọ̀n ṣe, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Wọn a máa fọwọ́ yí i nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Bí oòrùn bá le jù tàbí tí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a bò ó. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, títí omi inú hóró yóò fi kù bí 11 tàbí 12 nínú 100.

4. Pípa èèpo: Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe èyí.

Omi dídùn inú èso yóò ti gbẹ mọ́ hóró lára. Ìdí nìyẹn tí kọfí náà fi ń ta sánsán bí èso. Kò gba omi púpọ̀ bí èyí tí wọ́n ń fọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ojú àti ọwọ́. Ẹni tí ó bá ti sá kòkó rí mọ̀ pé òjò kan ṣoṣo lè mú kí ó bu. Bí àwọn atọ́wò bá fún un ní máàkì 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100, kọfí àṣàyàn ni, owó rẹ̀ sì ga.

Ọwọ́ ta ni ó ń ṣe gbogbo èyí? Ọwọ́ obìnrin ni púpọ̀ jùlọ. Síbẹ̀, orúkọ baálé ni ó sábà máa ń wà lórí ilẹ̀ àti nínú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, òun ni wọ́n sì ń ka owó fún. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi dúró ní báǹkì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ń fi kọfí ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó èso fún àgbẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó, kí ó sì kó àpò dé Djibouti, nítorí Etiópíà kò ní etí òkun.

Ṣùgbọ́n Asnakech Thomas, ọmọ agbègbè Amaro ní gúúsù, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ọdún 2005. Òun ni a mọ̀ sí obìnrin àkọ́kọ́ ní Etiópíà tí ó ń pa èèpo kọfí ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun fúnra rẹ̀. Ó ń ra èso lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Amaro, orúkọ Amaro sì wà lára àpò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra o. Pé obìnrin wà lókè kò túmọ̀ sí pé owó ti dé ọwọ́ ẹni tí ó wà nídìí àtẹ. Ibi tí owó bá dé ni kí a wò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

(a) Kí ni ó ń dí obìnrin tí ó ń sá kọfí lọ́wọ́ láti tà á fúnra rẹ̀?

(b) Nínú gàrí, epo àti ẹ̀lùbọ́ tí à ń ṣe nílé wa, ta ni ó ń ka owó?

(d) Àwa tí à ń gba ọmọ ọ̀dọ̀ àti alágbàṣe, ṣé kì í ṣe àwa náà ni a wà níbòji?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀ wá. Kí olúkúlùkù sọ òtítọ́.