Àpò Òróòro, Omi Òróòro

Olóòtú ètò ìlera kan lórí rédíò ló ní dókítà lè lu ihò kéékèèké sí ikùn aláìsàn, kí ó sì gba ibẹ̀ "yọ òróró" rẹ̀. Òróró kẹ̀! Èyí tí a fi ń din dòdò? Òróòro ni ó ń wá o.

Mo mọ ibi tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bíbélì àtijọ́ tẹ orõro sí Mátíù 27:34, ó fi àmì fàágùn sórí rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ ororo tí wọ́n fi ń yan ọba. Àkọtọ́ 1974 pa àmì fàágùn rẹ́, ó ní kí a kọ fáwẹ̀lì náà ní méjì. Àwọn òǹtẹ̀wé kan gbàgbé fáwẹ̀lì kejì, wọn ò sì fi àmì ohùn sí i. Bí oníwàásù ṣe ń ka òróró nínú ìtàn àgbélébùú Jésù nìyẹn.

Alápatà kì í ṣì í pè. Ẹ wò ó nígbà Iléyá: bí ọ̀bẹ bá ti dé ìdí ẹ̀dọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀, torí bí òróòro bá bẹ́, ẹ̀dọ̀ ti korò nìyẹn. Àwọn dókítà náà ò fẹ́ kó bẹ́. Láti 1882, tí dókítà Carl Langenbuch ti kọ́kọ́ yọ òróòro aláìsàn ní Berlin, ikùn ni wọ́n máa ń là. Dókítà Erich Mühe, ní Jámánì kan náà, ló kọ́kọ́ gba ojú ihò yọ ọ́ ní 1985. Ihò mẹ́rin ló wọ́pọ̀ báyìí. Àwọn mìíràn ń gba ìdodo nìkan wọlé kí àpá má baà hàn, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ á máa kọ lu ara wọn, iṣẹ́ á pẹ́, ìfun sì lè ti ojú ọgbẹ́ yẹn yọ lẹ́yìnwá ọ̀la. Ihò mẹ́rin tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó pẹ́ tí "àpò òróòro" ti ń bí mi nínú. Ta ni kò mọ̀ pé àpò ni? Ṣùgbọ́n mo gbà fún àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Òróòro tí à ń pè, àpò ni, omi kíkorò inú rẹ̀ náà sì ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi yẹn. Bí wọ́n bá yọ àpò, omi ò dá, tààrà ni yóò máa ṣàn lọ sínú ìfun. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n "yọ òróòro" lásán lè rò pé aláìsàn kò ní omi náà mọ́ rárá.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kó yé aláìsàn: àpò òróòro ni wọ́n yọ, omi òróòro ṣì wà.