Ẹ Jáwọ́ Nínú Fífi Ẹ̀rù Tọ́ Ọmọ

Ọmọ ọdún mẹ́rin kọ̀, kò jẹun. Ìyá rẹ̀ yọ orí sí ẹnu ọ̀nà, ó ké sí ìta pé, “Wèrè, máa bọ̀ o! Ẹnì kan ò fẹ́ jẹ èbà rẹ̀ níbí o!” Kíá, ọmọ ti ń gbé òkèlè mì, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ ráyè nù ún. Àwo mọ́ féfé, àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá náà mọ ọmọ tọ́. Irọ́ ni. Ó ba ohun kan jẹ́ lára ọmọ yẹn tí àwo èbà kan kò lè san padà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa wo ọmọ, ẹ gbọ́ o: ẹ̀rù tí ẹ bá gbìn sínú ọmọ kó lè dákẹ́ lónìí ni ìkà èèyàn yóò fi pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó pariwo.

Kí la ò fi í dẹ́rù ba ọmọ láàárín wa? Egúngún ń bọ̀, gbọ́mọgbọ́mọ wà níta, màá fà ẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, màá ní kí nọ́ọ̀sì gún ẹ lábẹ́rẹ́. Ọmọ tó fi èyí dàgbà, bó bá sọnù nínú èrò Òṣòdì, ta ni yóò sá tọ̀ lọ? Bó bá rí ọlọ́pàá lókèèrè, àárín èrò ni yóò tún sá wọ̀. Ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní àjẹsára tó ń dènà kòkòrò HPV, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Abẹ́rẹ́ ni. Ọmọ tó ti gbà pé àwọn ọmọ burúkú ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, báwo ni yóò ṣe na apá sílẹ̀ fún ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ yóò gbàgbé. Ní ọdún 1920, John Watson àti Rosalie Rayner ti Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọmọ kan tí wọ́n pè ní Albert, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ọmọ náà kò bẹ̀rù eku funfun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọn á fi òòlù lu irin gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ fi ń figbe ta bó bá ti rí eku nìkan, láìsí ariwo irin. Ó di pé ó ń sá fún ehoro, fún ajá, títí kan aṣọ onírun. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Wọn kò sì yọ ẹ̀rù náà kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Lónìí, kò sí onímọ̀ tí wọn yóò gbà láyè láti dán irú rẹ̀ wò lára ọmọ. Àwa sì ń ṣe é nínú ilé ní alaalẹ́.

Èyí tó burú jù ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ẹni tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe kì í sábà jẹ́ àjèjì, kì í sì í sábà gbé ìbọn. Ẹnu ló ń lò: “Bó o bá sọ ọ́, màmá ẹ á kú.” “Bó o bá sọ ọ́, ọlọ́pàá á wá gbé ẹ.” Ta ló ti kọ́ ọmọ láti gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ kí ìkà yẹn tó dé? Àwa ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀ lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ni òfin fẹ́ ṣe fún ọmọ tí ẹ̀rù ti dí lẹ́nu?

Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣàdédé ń sá fún ẹnì kan, ìbáà jẹ́ àbúrò bàbá tàbí olùkọ́ ilé-kéú, tí kò fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ẹ má ṣe tì í síwájú pẹ̀lú ìfọ́tí pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mú un sí kọ̀rọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í léèrè.

Àwọn kan wà tí tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní àwọn ń sọ ọmọ di akin: wọ́n tì í mọ́ yàrá tó ṣókùnkùn, wọ́n jù ú sínú odò kó lè mọ ìwẹ̀. Ìyẹn kì í sọ ọmọ di akin. Ní ọdún 1924, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Mary Cover Jones kọ̀wé nípa Peter, ọmọdékùnrin kan tó ń bẹ̀rù ehoro. Bí ọmọ náà bá ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọn á gbé ehoro inú àgò sí ọ̀ọ́kán. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún un mọ́ ọn, títí Peter fi ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa á lára.

Ọ̀nà tó yẹ kí a gbà nìyẹn. Bí òkùnkùn bá ń ba ọmọ lẹ́rù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ dì í lọ́wọ́ mú wọnú yàrá, kó fojú ara rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó dá wọlé. Bí ẹ bá ń mú un lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ má purọ́ pé kò ní dùn ún. Ẹ sọ pé yóò ta á díẹ̀, ẹ ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀, ẹ bá a wí lórí ohun tó ṣe, torí bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí pé, “Kò sí ohun tó o lè sọ fún mi tó máa pa mí.” Bí ẹ̀rù náà kò bá jẹ́ kó sùn tàbí kó lọ sílé ìwé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ jáwọ́ lónìí. Ọmọ tí ẹ bá fi ẹ̀rù tọ́ kò ní lè sọ fún yín. Ọmọ tí kò bá sì lè sọ fún yín kò ní olùgbèjà.