Ẹrẹ̀ Adágún Oníyọ̀ Kì í Gbàgbé

Ní ilẹ̀ Crimea, létí Òkun Dúdú, àwọn adágún kan wà tí omi wọn níyọ̀ ju omi òkun lọ. Ẹrẹ̀ dúdú tí ó wà nísàlẹ̀ adágún Saki lókìkí púpọ̀. Ó ti lé ní 100 ọdún tí àwọn aláìsàn ti ń lọ síbẹ̀ láti fi í kun oríkèé tí ń ro wọ́n. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ adágún níbẹ̀ kan ara ènìyàn gan-an.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ẹ̀rọ kan bú gbàmù ní Chernobyl, ní ilẹ̀ Ukraine, ní ilé-iṣẹ́ tí ń fi agbára átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná. Afẹ́fẹ́ gbé eruku olóró rẹ̀ káàkiri. Caesium-137 àti strontium-90 wà nínú eruku náà. Àwọn méjèèjì ń tan ìtànṣán tí ojú kò lè rí, tí ó sì lè ba ara jẹ́. Caesium a máa lẹ̀ mọ́ amọ̀. Strontium a máa bá omi lọ, bí ó bá sì wọ ara, inú egungun ni í fi ṣe ibùgbé. Odò Dnieper gbé e wá sí ìhà gúúsù, odò àfọwọ́gbẹ́ kan sì gbé e dé Crimea, títí a fi dí i ní ọdún 2014.

Omi odò a máa ṣàn kọjá, ṣùgbọ́n irú adágún oníyọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀nà tí omi rẹ̀ ń gbà jáde. Oòrùn ni í fa omi rẹ̀ gbẹ. Iyọ̀ a kù sẹ́yìn, èròjà olóró a rì, a sì di ara ẹrẹ̀.

Láti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ a máa ti ọ̀pá oníhò bọ inú ẹrẹ̀. Wọn a fà á yọ, wọn a gé ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sí ìpele-ìpele, wọn a sì wọn ìtànṣán ìpele kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ jùlọ ni ó pẹ́ jùlọ. Àwọn onímọ̀ ìlú Sevastopol ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí àwọn adágún Crimea.

Iná kò lè jó oró yìí run, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn tí ó lè pa á. Ọjọ́ nìkan ni í dín in kù. Bí caesium tí ó bọ́ sílẹ̀ ní 1986 bá jẹ́ ìwọ̀n 100, nǹkan bí 50 ni ó kù ní 2016. 25 ni yóò kù ní 2046. Ojú kò lè mọ iye tí ó kù, àfi ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ibikíbi tí a bá ti ń fi ẹrẹ̀ wo aláìsàn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ohun tí ó bọ́ sínú odò lè ṣàn lọ. Èyí tí ó bọ́ sínú adágún ń dúró de ọmọ ẹni.