A Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀, À Ń Pa Làpálàpá

"A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá," àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Bí òwe yìí bá ń bá ẹnìkan wí lóde òní, onífọ́tò tó ń ya ẹranko igbó ni. Ó jí ní ìdájí, ó gbé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì gígùn kọ́rùn, ó bá ẹran pàdé. Bó ṣe kù kó tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀rù bà á. Wọ́n ti sọ fún un pé ISO gíga a máa fi nọ́ìsì ba fọ́tò jẹ́, ló bá fà á wálẹ̀ sí 400. Ó délé, ó ṣí fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ìsì kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú ẹran náà kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣọ́tà ti pẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ ti mì, ó rí bàìbàì.

Nọ́ìsì ni àwọn hóró wínníwínní tó máa ń bo fọ́tò tí a yà níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, pàápàá lápá ibi tó ṣókùnkùn. Òmíràn á mú àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé wá síbi tí kò yẹ. Làpálàpá ni. Ó ń bu ẹwà kù, ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ wà. Fọ́tò tó mì gan-an ni ẹ̀tẹ̀: irun tí kámẹ́rà kò rí nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó lè mú un jáde lẹ́yìn náà, àfi kó hùmọ̀ rẹ̀.

Kí ló wá ń fa nọ́ìsì? Kì í ṣe ISO. Ẹyọ-ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń wọ kámẹ́rà, kì í sì í bọ́ síbi gbogbo ní iye kan náà. Bí ẹyọ 10,000 bá bọ́ sójú píksẹ́ẹ̀lì kan, ìyàtọ̀ tó máa wà láàárín rẹ̀ àti ìkejì rẹ̀ á tó nǹkan bí 100, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú kò ní rí i. Bó bá jẹ́ ẹyọ 100 péré ló bọ́ síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà á tó 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ojú á rí i kedere. Ọ̀wọ́n ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Iṣẹ́ ISO ni láti gbé ìwọ̀nba tó wọlé sókè kí fọ́tò lè mọ́lẹ̀. Ẹni tó fà á wálẹ̀ láìṣí ojú lẹ́ńsì sí i, láìjẹ́ kí ṣọ́tà pẹ́ sí i, kò fi ẹyọ kan kún ìmọ́lẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ á kàn ṣókùnkùn ni, nígbà tó bá sì fipá mú un mọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ìsì tó ń sá fún á jáde, lára kámẹ́rà mìíràn á tilẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ibi tí ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ̀. Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, fẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Yàtọ̀ sí afárá orí igi rẹ̀ tó gùn ní mítà 401, àwọn ọ̀bọ mona ló ń fa onífọ́tò lọ síbẹ̀. Oòrùn lè mú ganrínganrín lójú títì, kí abẹ́ igi wà ní ṣíṣú. Ká ní láàárọ̀ kùtùkùtù, pẹ̀lú ojú lẹ́ńsì ní f/5.6, ọ̀bọ tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka ń fẹ́ ṣọ́tà 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, kámẹ́rà sì ní ISO 12800 ló máa gbà. Kó gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Àmọ́ ọ̀bọ kì í fò títí. Bó bá jókòó ti èso rẹ̀, tó ń bó o, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ya díẹ̀ ní 1/1000 kó lè rí nǹkan mú lọ sílé, á wá bọ́ sí 1/500, á bọ́ sí 1/250, títí dé 1/125, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin ní ìpele kọ̀ọ̀kan nítorí àwọn kan á mì. Ní 1/125, ISO 12800 yẹn ti di 1600. Bí lẹ́ńsì rẹ̀ bá lè ṣí dé f/2.8, ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ló ń wọlé ju ti f/5.6 lọ, ISO á sì di 400. (Owó irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀, bó bá gùn, lè ra ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ẹni tí kò ní in kò ṣẹ̀.)

Ìmọ́lẹ̀ náà ni onífọ́tò ẹranko George Shiras gbára lé. Kò sí ISO tó lè gbé sókè nígbà tirẹ̀. Ẹ̀tù tó ń bú gbàmù ló fi ń tan iná sí àgbọ̀nrín lóru ní Amẹ́ríkà. Fọ́tò rẹ̀ 74 ni ìwé ìròyìn National Geographic gbé jáde ní July 1906. Nígbà tí onífọ́tò Will Burrard-Lucas ya àmọ̀tẹ́kùn dúdú ní Laikipia, ní Kẹ́ńyà, fọ́tò tó gba ayé kan lọ́dún 2019, kámẹ́rà tó dẹ sójú ọ̀nà pẹ̀lú fíláàṣì ló fi yà á. Fíláàṣì kò yẹ gbogbo ẹran o, kí onífọ́tò bi àwọn olùṣọ́ ọgbà léèrè kó tó tàn án.

Ìyókù di orí kọ̀ǹpútà. RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ni kó yà, kì í ṣe JPEG nìkan. DeepPRIME tí ilé iṣẹ́ DxO gbé jáde ní 2020 àti Denoise tí Adobe fi sínú Lightroom ní 2023 ń ṣiṣẹ́ tó yani lẹ́nu lórí RAW. Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó bá fa nọ́ìsì kúrò pátápátá á fa irun àti ìyẹ́ mọ́ ọn, ẹran á wá máa dán bí ọmọláńgidi. Kó pa nọ́ìsì aláwọ̀ run, kó fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyókù, kó lò ó gidi lára ẹ̀yìn fọ́tò tó ṣókùnkùn, kó sì rọra lò ó lára ẹran. Kó fẹ fọ́tò náà tóbi dáadáa, kó wo etí ojú àti irun imú. Ìdíje Wildlife Photographer of the Year tí Natural History Museum ń ṣe ní London gbà kéèyàn dín nọ́ìsì kù. Kò gbà kó fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Bó bá sì jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti máa wò ó, kíkéré rẹ̀ nìkan ti tó: píksẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó di ọ̀kan ń dín nọ́ìsì kù sí ìlàjì.

Kí ẹni tó ń múra àtilọ kọ́kọ́ dán kámẹ́rà rẹ̀ wò lára ewúrẹ́ àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́, láti ISO 1600 dé 25600, kó mọ ibi tí ojú rẹ̀ lè gbà á dé. Ibẹ̀ ni kó fi ṣe òpin Auto ISO rẹ̀. Kó fúnra rẹ̀ mú ṣọ́tà àti ojú lẹ́ńsì, kó sì máa wo ẹran.