Ẹ Má Jẹ́ Kó Pa Ẹ̀rọ Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, àbúrò mi obìnrin tó wà ní London ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín sí i láyà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé kiri ló ń fún un ní oògùn epoprostenol tọ̀sán-tòru. Ó ń bọ̀ wá sin ìyá wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní kó pa ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ ìnáwó, kó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá wa. Ṣé kò léwu?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ó léwu gidigidi. Kò gbọdọ̀ pa á, ì báà ṣe fún wákàtí kan.

Àìsàn bàbá yín yàtọ̀ sí tirẹ̀. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ló fún mọ́ àbúrò yín, tí apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀ fi ń ṣe làálàá. Ìyẹn ló ń mú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Oògùn bàbá kò lè rọ́pò tirẹ̀, ó sì lè já ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ jù.

Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe èròjà tí epoprostenol jẹ́: prostacyclin, tí John Vane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Ó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára: kò tó ìṣẹ́jú 6 tí ìdajì rẹ̀ á ti túká. Bí ẹ̀rọ bá dúró, iṣan á tún fún pọ̀, ẹ̀mí sì lè bọ́.

Kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀ bóyá ó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí wọ́n bá gbà, kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, kó kó ẹ̀rọ kejì, bátìrì àti oògùn tó pọ̀ dání sínú báàgì ọwọ́. Ẹ ti bá dókítà ọkàn kan sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn kó tó dé. Ẹni tó bá máa kan rọ́bà náà, kó fọ ọwọ́. Bí ẹ̀rọ bá dúró tàbí ibà mú un, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá rí i tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú nígbà tó bu òkèlè àkọ́kọ́, oògùn náà máa ń fa ìrora bẹ́ẹ̀. Kó sọ fún dókítà rẹ̀, kó má sì dá oògùn dúró.

Bí ilé ìwòsàn rẹ̀ bá ní kó má wá, ẹ gbà fún wọn. Ẹ fi fóònù fi ìsìnkú hàn án. Ìyá kan kò ní fẹ́ kí ọmọ tìtorí ìnáwó òun kú.